Irin Tó Ń Sọ̀kalẹ̀

Ojú kì í wọnú irin.
Ohun tí Lápàdé kọ́kọ́ sọ fún mi nìyẹn
lọ́jọ́ tí mo wọṣẹ́ nílé-iṣẹ́ àdín
lójú ọ̀nà Ìkìrun, bí a bá ti ń jáde ní Òṣogbo.
Táǹkì mẹ́rin tò síbẹ̀
bí àgbà tí kì í sọ tinú rẹ̀.
Ta ló mọ iye epo tó wà níbẹ̀?

Lápàdé mọ̀ ọ́n.
Ọ̀pá ọparun kan ló ní, ó fi ọ̀bẹ sàmì sí i lára.
Á gun àkàbà, á ṣí ìdérí, á ti ọ̀pá bọ̀ ọ́,
á fà á yọ, á wo ibi tí epo dé,
á sì ké e sí mi nísàlẹ̀, kí n kọ ọ́ sínú ìwé:
Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, íǹṣì mẹ́ta.
Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀kan lóru.

Òru ló dá wa lóró.
Òjò oṣù Ọ̀wàrà rọ̀, àkàbà ń yọ̀,
Lápàdé já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn kẹsàn-án.
Itan rẹ̀ ṣẹ́.
Ọ̀pá náà rì sínú táǹkì kẹta, ibẹ̀ ló wà títí di òní.
Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó gòkè lóru.
Ẹ̀rọ ń tẹ èkùrọ́ lọ, táǹkì kún, ó ṣàn,
kí ilẹ̀ tó mọ́, gọ́tà ti di odò àdín,
ọmọ àdúgbò ti gbé kẹ́ẹ̀gì dé,
wọ́n ń fi agolo bu owó Alájì lọ sílé.

Máníjà ní ẹ̀rọ kan wà lókè òkun
tó ń fi ohùn tí etí kò lè gbọ́ wọn epo.
Ó dá iye rẹ̀. Alájì bọ́ fìlà, ó tún un dé.
Owó oṣù àwa mẹ́fà ni, fún odidi ọdún kan,
a ò tíì ka owó ẹni tó máa wá so ó.

Kúbúrátù ló bú sẹ́rìn-ín,
ọmọ iṣẹ́ wẹ́dà láti Òkè-Fíà
tí a pè pé kó wá jó àkàbà pọ̀.
Ó ní, "Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì tí ìdérí rẹ̀ dì dáadáa fún mi."
Kẹ́ẹ̀gì òfìfo léfòó nínú òkùnkùn,
wáyà tó so mọ́ ọn lọ́rùn gba orí kẹ̀kẹ́ kàǹga méjì,
ó yọ síta, irin pẹlẹbẹ kan rọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì.
A fi ọ̀dà funfun fa ìlà, a kọ nọ́ńbà.
Àmọ́ ó dorí kodò:
òkè ni òfo, ìsàlẹ̀ ni ẹ̀kún.
Bí epo ṣe ń gòkè nínú, irin ń sọ̀kalẹ̀ níta,
bí ìyá tó ń tẹ̀
bí ọmọ rẹ̀ ti ń ga.
Gbogbo ìnáwó rẹ̀ kò ra ìdajì àpò ìrẹsì.

N kò gun àkàbà mọ́. Orí búlọ́ọ̀kù ni mò ń jókòó,
tí mò ń fi tọ́ọ̀ṣì wo irin lókèèrè.

Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́,
irin ní ìdajì. Mo kọ ìdajì.
Bí mo ti ń kọjá, mo kàn fi eegun ìka kan ara táǹkì.
Kò.
Mo mú igi ìgbálẹ̀, mo kàn án lókè. Kò.
Lókè pátápátá. Kò.
Àgbá òfìfo ló ń pariwo, eléyìí panu mọ́!
Àdín ló dì lóru,
ó gbá kẹ́ẹ̀gì mọ́ ara irin,
epo gbígbóná sì ń gorí rẹ̀ lọ.
Mo sáré pa ẹ̀rọ.

Mo gba Òkè-Baálẹ̀ lọ lọ́jọ́ Àìkú.
Lápàdé jókòó síwájú ilé, ọ̀pá mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀, ti ẹsẹ̀.
Mo ròyìn. Kò yà á lẹ́nu.
"Ṣé o kọ ọ́ sínú ìwé?"
Mo ní mo kọ ọ́.
"Mélòó?"
Ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá, íǹṣì méjì ló kù kó ṣàn.
Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀.
"Ọ̀pá mi ńkọ́?"
Mo ní ó ṣì wà nísàlẹ̀ ibẹ̀.
"Ó dáa," ó ní. "Ó ṣì ń wọ̀n ọ́n nìyẹn."